Ajá Aṣọ́lé Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni irọ́ tí mo pa, lẹ́tà gàdàgbà ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù náà ní ká ṣe: AJÁ AṢỌ́LÉ. Ajá bàbá mi kò ṣọ́lé rí. Bí olè bá wọ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án gangan, ajá yẹn á kàn wò ó lójú, á sì tún gbé orí lé ẹsẹ̀, torí pé olè kì í ṣe ọ̀yà. Ajá ọdẹ ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, èmi náà mọ̀, mo sì kọ ohun tí mo kọ.

Abo ajá ni, ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí òsì rẹ̀ sì ya níbi tí òkété kan ti bù ú jẹ. Ó lórúkọ o. Òwe ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ẹni tí bàbá mi fi òwe náà bá wí ṣì wà láyé, ilé kejì sí wa ló ń gbé.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣe bàìbàì, orúnkún rẹ̀ sì máa ń ké bó bá fẹ́ dìde. Ọdẹ tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáká mọ́, tí kò sì lè sáré, kò yẹ kó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń wọ ìgbẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ajá yìí ló mú un dúró síbẹ̀. Àwọn yòókù ní ìbọn, wọ́n ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní irú ajá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lọ sí apá Ìkòyí-Ilé, bàbá mi á jókòó sábẹ́ igi, á fi fèrè pàṣẹ fún un, ajá á sì wọnú koríko lọ tòun ti ṣaworo lọ́rùn. Láàrin wọn, ajá tó bá lé ẹran jáde ní ìpín tirẹ̀, yálà olówó rẹ̀ yìnbọn tàbí kò yìn. Bàbá mi á gbé ìpín ajá wálé, á gé ti ajá fún un ná, kó tó kan ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bí mo ṣe bá a láti kékeré nìyẹn. A máa ń dúró kí ajá jẹ.

Èmi ń ṣe olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, títí kan bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àwa ọmọ bàbá mi, èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, nítorí náà èmi ni fóònù rẹ̀ máa ń wá bá. Fún ara rẹ̀, kì í béèrè nǹkan kan. Orúnkún lè máa ro ó fún odidi oṣù kan kí n tó gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ajá bá sín, fóònù mi á dún. Ẹ̀gún gún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. Dókítà ẹranko ní kó gba abẹ́rẹ́. Ó wá di pé bí mo bá ti rí nọ́ńbà bàbá mi, mo máa ń dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì, màá jẹ́ kó dún títí yóò fi dákẹ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí àwọn èèyàn rò.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta inṣọ́ránsì wọ yàrá àwa olùkọ́. Ọ̀dọ́bìnrin ni, bàtà rẹ̀ ti kún fún eruku, ó sì ní sùúrù. Ó bi mí bóyá mo ní mọ́tò. Mo ní rárá.

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, sà?"

"Olùkọ́ ni mí."

"Ẹran ọ̀sìn?"

"Bàbá mi ní ajá kan."

Olùkọ́ ìṣirò, tó jókòó tì mí, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí tó yẹ kí wọ́n fi bọ Ògún ni ẹ fẹ́ ṣe inṣọ́ránsì fún?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ, sà. Àwa la máa wà lẹ́yìn ẹ̀." Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ọ ní òwe yẹn níbi iṣẹ́ ni, síbẹ̀ ó wọ̀ mí lára.

Ó ṣàlàyé. Bí ajá bá ṣàìsàn tàbí tó fara pa, dókítà tí ilé-iṣẹ́ wọn bá yàn ni yóò tọ́jú rẹ̀, àwọn ni yóò sì sanwó. Bí ìjàǹbá bá pa á, wọ́n á san nǹkan kan fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì ló wà. Ajá tó ń ṣọ́lé wà lójú kan: fọ́tò nìkan ni wọ́n máa gbà. Ajá tó ń wọ ìgbẹ́ wà lójú kejì: owó rẹ̀ lé díẹ̀, ẹnìkan sì ní láti wá láti Ìbàdàn wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á.

"Èwo ni ti bàbá yín, sà?"

Mo ní, "Ó kàn wà nílé ni."

Mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ sílé kí n lè rò ó. Ìyàwó mi, tó ń ránṣọ, gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Dádì, owó tí ẹ fẹ́ máa san fún wọn lóṣooṣù yìí, ẹ kúkú máa jù ú sínú kóló. Ọjọ́ tí ara ajá ò bá yá, ẹ fọ́ kóló. Bí ara ẹ̀ bá sì le títí, owó yín náà ni." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo fún un lésì pé kóló kan kì í pé oṣù méjì nínú ilé wa kí a tó fọ́ ọ, òótọ́ sì ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìdákẹ́ ni mo fẹ́ rà. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí bàbá mi bá tún pè, màá sọ pé kó pe àwọn inṣọ́ránsì. Ká ní ìfẹ́ ajá ló mú mi ṣe é, ǹ bá kọ òtítọ́ sí i.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ya fọ́tò ajá. Bàbá mi bi mí ohun tí fọ́tò wà fún, mo sì ṣàlàyé.

"Bó bá wá kú ńkọ́?"

"Wọ́n á san owó, Bàbá."

"Kí n wá máa fi owó dẹ̀gbẹ́?"

Mo ní ìtọ́jú ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, pé kò ní sí pé a ń wá owó kiri bí nǹkan bá ṣe é. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fi etí kan gbọ́, tí mo wá ń fi etí méjèèjì gbọ́ láti ìgbà náà. Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, bí ajá bá fara pa, a kì í dá a tọ́jú. Ẹni tó mọ ewé á já ewé, ẹni tó ní ọ̀kadà á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọgbẹ́ ajá ẹnìkan, ọgbẹ́ gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ kan láìjẹ́ pé a fi han ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fi ọgbẹ́ ajá pamọ́, a mọ̀ pé ajá rẹ̀ ti lọ jí ẹran jẹ nínú tàkúté ẹlòmíràn nìyẹn."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Fọ́tò ni mo ń wò nínú fóònù mi.

Kí n tó dìde, mo sọ fún un pé bí nǹkan kan bá ṣe ajá, èmi ni kó kọ́kọ́ pè, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú ìgbẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Bí ìwé wọn ṣe rí nìyẹn."

Kò bá mi jiyàn. Bàbá mi kò kàwé, láti ọjọ́ tí mo sì ti wọ ilé-ìwé ló ti gbà pé ohun tí mo bá sọ pé ó wà nínú ìwé, ó wà níbẹ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn sínú fọ́ọ̀mù, mo fi fọ́tò sí i, wọ́n sì gbà á. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà òjò, bàbá mi pè mí ní ọ̀sán Sátidé kan. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e. Kò bá ẹgbẹ́ lọ sígbẹ́. Òun àti ajá nìkan ni wọ́n ń lọ sóko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Tàkúté àtijọ́ kan tó ti dógùn-ún, tí ẹni tó dẹ ẹ́ ti gbàgbé rẹ̀ sínú koríko, ló mú ajá lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ti tú u sílẹ̀, ó ti gbé e lé èjìká, ó ti gbé e délé pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀.

Ó ní, "Ṣé o ní kí n má sọ?"

Ó bi mí o. Èyí tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. Ó dúró kí n dáhùn. Bí mo bá ti sọ pé, "Ẹ sáré sọ fún wọn, Bàbá," ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má tíì sọ. Ẹ so ó mọ́lé. Dókítà tiwọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Màá pe obìnrin náà lọ́jọ́ Ajé."

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ṣèpàdé lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ Ajé àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rántí pe obìnrin náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni àyè tó yọ fún un láti wá. Ọgbẹ́ ajá sùn nílé fún òru mẹ́ta.

Èmi àti obìnrin náà jọ wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ ni. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Bàbá mi ti gbé ajá sínú yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn, ó fi ìró ìyá mi tó ti dolóògbé bo fèrèsé, ó sì ti tú ṣaworo kúrò lọ́rùn rẹ̀ kó má baà dún. Ó sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ kọjá lọ́jọ́ Àìkú, ó béèrè ajá, òun sì ní ó ń sinmi. Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tó ń ròyìn fún olùkọ́ pé òun ṣe iṣẹ́ tó yàn fún òun. Ẹsẹ̀ ajá náà ti wú, ó ti dúdú dé ìsàlẹ̀ itan. Nígbà tó rí mi, ó fi ìrù na ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Ó wo ẹsẹ̀ ajá. Ó wo ìbọn tó wà lára ògiri, ó wo ṣaworo tó rọ̀ mọ́ ìṣó lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú. Níbo ló ti fara pa?"

Bàbá mi ti ń bọ Ògún láti kékeré. Mi ò rí i kó purọ́ rí, yálà fún ọlọ́pàá ni, yálà fún agbowó-orí. Ó wo ojú mi, ó sì wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló mọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Obìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé láì kọ nǹkan kan sí i. Kò bínú, ì bá sì sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ajá ọdẹ lẹ kọ ni, láti ọjọ́ Sátidé là bá ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Iye tó fi lé ò tó owó ọkọ̀ tá a wọ̀ wá síbí." Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé ajá sínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti omi ọgbẹ́ sì kàn án láṣọ. Mi ò tún rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Dókítà ẹranko gé ẹsẹ̀ náà. Ajá kò kú.

Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò ṣe é fi ìró bò mọ́lẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, olórí ọdẹ àti àwọn àgbà mẹ́ta wá sí ilé wa. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá fún títún ọgbẹ́ dì, mo jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo mú ife omi dání. Wọ́n kí wa, a kí wọn. Olórí ọdẹ, tó jẹ́ ojúgbà bàbá mi, béèrè ọjọ́ tí ajá fara pa. Bàbá mi sọ ọ́.

"A bi ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, o ní ó ń sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tàkúté ta ni?"

"Kò lólówó mọ́. Ó ti dógùn-ún."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Gbogbo tàkúté ló lólówó."

Olórí ọdẹ wá bi í pé, "Kí ló dé tó o fi í pamọ́?"

Bàbá mi ò wo apá ibi tí mo wà rárá. Ó ní, "Èmi ni mo fi í pamọ́."

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàrin èmi àti wọn. Mo ní ẹnu. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, kò sì tó ìlà kan. Mo gbé omi sẹ́nu, mo mu ún, mo sì wo ìdí ife. Wọ́n ní kí bàbá mi jókòó sílé títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé wọn, kó má bá wọn wọ ìgbẹ́. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ẹnu yẹn ṣí láti kí wọn.

Bàbá mi kò bá mi wí. Títí di òní, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi bínú sí i kí ara sì tù mí. Ó kàn jẹ́ pé kò pè mí nípa ajá mọ́. Ọ̀sẹ̀ á kọjá, ọ̀sẹ̀ á tún kọjá, fóònù mi á dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí tábìlì. Ìdákẹ́ tí mo fẹ́ rà, mo ti rí i gbà. Bí èmi bá pè é, á ní kò sí nǹkan kan. Aládùúgbò ló sọ fún mi pé láràárọ̀ Sátidé ó máa ń gbé àga síta, òun àti ajá náà, wọ́n á máa wo àwọn ọdẹ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, ajá náà á sì máa gbọ́ ṣaworo àwọn ajá yòókù títí wọ́n á fi jìnnà.

Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá lọ jẹ́wọ́, wọ́n á ní ọmọ ń gbèjà bàbá rẹ̀ ni. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀. Olùkọ́ ni mí, mo mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé nǹkan.

Oṣù mẹ́jọ kọjá kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní Ọjà Igbó lọ́jọ́ kan, tí mi ò wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Lẹ́yìn ọjà ni olórí ọdẹ ti ń tún ìbọn ṣe. Mo bá a níbẹ̀, ó ń fi ayùn pẹlẹbẹ rẹ́ irin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ méjì yẹn, fóònù ọjọ́ Sátidé, ife omi. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó fẹ́ ìyẹ̀fun irin kúrò lórí ohun tó ń rẹ́.

Ó ní, "A ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Láti ìgbà tá a ti ń dẹ tàkúté èkúté ni mo ti mọ bàbá ẹ, kò lè dá irú ẹ̀ rò. A mọ̀ pé ó ń bo ẹnìkan láṣìírí ni. Ìwọ nìkan lo sì jókòó síbẹ̀, tó ò ń mu omi."

Mo bi í ìdí tí wọ́n fi wá jẹ́ kí bàbá mi jókòó sílé nígbà tí wọ́n mọ̀.

Ó ní, "Ọgbẹ́ ṣáà sùn nílé. Ẹni tó jẹ́ kó sùn ló yẹ kó wá sọ. Oṣù mẹ́jọ la fi ń wojú ọ̀nà fún ẹ." Ó tún mú irin rẹ̀. "Sọ fún un kó bá wa jáde ní Sátidé."

Mo délé, mo jíṣẹ́. Bàbá mi ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ajá sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo lọ sọ fún un?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O ṣe é." Ó wo ajá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni màá wá fọn fèrè fún? Ẹsẹ̀ ajá ò gbé e mọ́. Ẹsẹ̀ tèmi náà, tí mo fi jókòó látọjọ́ yìí, kò fẹ́ gbọ́ tèmi mọ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ṣú.

Kò lọ ní Sátidé náà. Mo sùn sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà mo wà níta pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọn ò kọjá lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Olórí ọdẹ yà, ó gbé itan ọ̀yà kan tí wọ́n fi ewé wé sílẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, "Ìpín ajá." Bàbá mi ní ajá òun kò ṣáà wọ ìgbẹ́. Olórí ọdẹ ní òun ò béèrè ìyẹn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi sun ẹran náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó jinná, ó mú ọ̀bẹ, ó gé ti ajá, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gé tèmi, èyí tó tóbi jù, ó nà án sí mi, ó ní kí n jẹun. A dúró kí ajá jẹ. Ó jẹ tiẹ̀ tán, ó lá ẹnu, ó sì tiro wá sọ́dọ̀ mi, ó jókòó, ó ń wo ẹran tó wà lọ́wọ́ mi.